Ẹ Wá Jókòó sí Gbọ̀ngàn Kánsù: Ìpè sí Àwa Ọmọ Yorùbá ní Southwark

Ẹ̀yin ará wa ní Peckham, ní Camberwell, ní Walworth àti gbogbo ẹ̀bá Old Kent Road, oṣù Karùn-ún ọdún ni kánsù wa máa ń fi Méyọ̀ tuntun jẹ. Ìpè mi kò díjú: ẹ wá. Ẹ wádìí ọjọ́ náà, ẹ tọrọ àyè lẹ́nu iṣẹ́, ẹ mú àwọn ọmọ dání, kí ẹ wá jókòó síbi tí òfin fi sílẹ̀ fún ará ìlú, kí ẹ fi ojú ara yín rí bí wọ́n ṣe ń gbé ẹnì kan gorí oyè tó ṣáájú gbogbo oyè ní Southwark.

Àwa Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ ìwúyè ṣeré. Bí wọ́n bá fẹ́ fi baálẹ̀ jẹ ní abúlé tí a ti kúrò láti ọgbọ̀n ọdún, a ó dá owó jọ, a ó yan aṣọ ẹbí, àwọn kan nínú wa á sì wọkọ̀ òfuurufú lọ sílé nítorí ọjọ́ kan ṣoṣo. Ó dára bẹ́ẹ̀, n kò bá ẹnikẹ́ni wí. Àmọ́ ìlú tí à ń gbé, tí à ń san owó-orí kánsù fún lóṣooṣù, tí àwọn ọmọ wa ń kàwé níbẹ̀, tí a ń sin òkú wa sí itẹ́ rẹ̀, a kì í mọ ọjọ́ tí wọ́n ń fi ẹni iwájú rẹ̀ jẹ. Lọ́jọ́ kejì la máa ń rí àwòrán ẹnì kan tó fi ṣéènì wúrà sọ́rùn lórí fóònù wa, a ó sì kọjá lọ. Àbùkù ni. Ẹ jẹ́ n pè é bó ṣe ń jẹ́.

Ọ̀pọ̀ nínú yín sì ti bọ Méyọ̀ lọ́wọ́ rí láìfura. Láti ọdún 2004, ẹni tó bá fẹ́ di ọmọ ilẹ̀ Britain gbọ́dọ̀ lọ síbi ayẹyẹ kan, kó búra tàbí kó jẹ́jẹ̀ẹ́, kí wọ́n tó fún un níwèé. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó kí yín káàbọ̀ lórúkọ ìlú lọ́jọ́ náà, tó na ìwé sí yín, tó bá yín ya fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ìyá yín nílé, Méyọ̀ ni, tàbí igbákejì rẹ̀. Ó wá síbi ayẹyẹ tiyín. Ẹ wá síbi tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ẹ máa rí. Bí àkókò bá tó, wọ́n á ní kí gbogbo ilé dìde. Ẹni tó gbé ọ̀pá àṣẹ ló máa ṣíwájú, èjìká ló sì sábà máa ń gbé e kọ́, nítorí ọ̀pá náà wúwo, wọ́n sì fi fàdákà tàbí wúrà ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Láyé àtijọ́, kùmọ̀ ogun ni irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀, wọ́n fi ń fọ́ àṣíborí jagunjagun. Lónìí àmì àṣẹ ni. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí tábìlì níwájú àga Méyọ̀, ìpàdé á sì bẹ̀rẹ̀. Òfin ìjọba ìbílẹ̀ ti ọdún 1972 ló ní kí yíyan Méyọ̀ jẹ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ ní ìpàdé ọdọọdún. Kò sí ẹjọ́, kò sí owó, kò sí ìròyìn tó gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀. Káńsẹ́lọ̀ kan á dìde, á dárúkọ ẹni tí wọ́n fẹ́, á sọ ibi tó ti wá àti iṣẹ́ tó ti ṣe. Òmíràn á kín in lẹ́yìn. Wọ́n á wá dìbò.

Ẹni tí wọ́n yàn á jáde lọ wọ aṣọ oyè. Ní ọ̀pọ̀ ibi, aṣọ pupa gbàgẹ̀rẹ̀ ni, tí wọ́n fi irun ẹranko gbá létí, pẹ̀lú lẹ́ẹ̀sì funfun lọ́rùn. Ẹ ò ní rí ohun tó yà yín lẹ́nu nínú ìyẹn, ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí aṣọ ń sọ lára ẹni. Bó bá padà wọlé, wọ́n á gbé ṣéènì wúrà kọ́ ọ lọ́rùn, á ka ọ̀rọ̀ tí òfin ní kó kà pé òun gba iṣẹ́ náà, á fọwọ́ sí i, nígbà náà ló tó lè jókòó. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́, dídárúkọ igbákejì, àti dídárúkọ àwọn ẹgbẹ́ aláàánú tó fẹ́ fi ọdún náà kó owó jọ fún.

Ní tèmi, àsìkò tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ yín fojú sí jù lọ ni ìgbà tí ṣéènì bá kúrò lọ́rùn ẹni tó ń lọ. Ẹni tí gbogbo ilé dìde fún ní wákàtí kan sẹ́yìn á bọ́ ọ, á dúpẹ́, á lọ jókòó láàárín àwọn káńsẹ́lọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Kò lọ sí kóòtù. Kò kó jàǹdùkú jọ. Ọdún kan ni wọ́n fún un, ọdún náà sì ti pé. A ti tọ́ àwọn ọmọ wa láti mọyì ẹni tó gorí oyè, ó ku kí wọ́n rí bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀.

Ní High Wycombe, ìlú kan tí kò jìnnà sí London, ṣe ni wọ́n tilẹ̀ máa ń gbé Méyọ̀ sórí òṣùwọ̀n níta gbangba. Wọ́n á wọ̀n ọ́n nígbà tó bá ń gorí oyè, wọ́n á tún wọ̀n ọ́n bí ọdún bá yí po. Bó bá ti sanra sí i, akéde á kígbe pé ó ti fi díẹ̀ lé e, àwọn èrò á sì hó lé e lórí, nítorí wọ́n gbà pé owó ìlú ló fi jẹun. Mo mọ àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ kan nílé tí òṣùwọ̀n náà kò ní lè gbé. Ẹ má bi mí lórúkọ.

Ẹ má sì dúró de ìwé ìpè. Ìpàdé kánsù kì í ṣe òde tí wọ́n ń béèrè káàdì lẹ́nu ọ̀nà. Òfin ọdún 1960 ló fi ẹsẹ̀ ẹ̀tọ́ yìí múlẹ̀ pé ará ìlú lè wọlé jókòó, kó sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Margaret Thatcher ló gbé àbá òfin náà wá sílé aṣòfin nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀, orí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló sì ti kọ́kọ́ lanu sọ̀rọ̀ nínú ilé náà. Mo mọ̀ pé àwọn tó fẹ́ràn Thatcher kò pọ̀ ní Peckham, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fún un ní tirẹ̀ lórí èyí. Kánsù gbọ́dọ̀ gbé ìwé ètò ìpàdé síta ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún ṣáájú, kí gbogbo ayé rí i. Láti ọdún 2014, òfin tún fàyè gba ẹnikẹ́ni láti ya fídíò ìpàdé kánsù ní ilẹ̀ England. Ohun kan ni kí ẹ kíyè sí: ọjọ́ ayẹyẹ, àyè lè há. Ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì kánsù ṣáájú, kí ẹ sọ iye èèyàn tí ẹ jẹ́.

Mo ti ń gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ lábẹ́lẹ̀: “Méyọ̀ yẹn, kí ló lè ṣe? Kò lágbára kankan.” Ọ̀rọ̀ náà ní òótọ́ nínú. Ẹ má fi Méyọ̀ wa wé Méyọ̀ London, ipò tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2000, tí gbogbo ará London ń dìbò fún. Ẹ má sì fi wé ti Hackney tàbí Lewisham tàbí Tower Hamlets, níbi tí ará ìlú ti ń fi ìbò tiwọn yan Méyọ̀ tó ń ṣèjọba gan-an. Ní Southwark, àwọn káńsẹ́lọ̀ 63 ló ń yàn án láàárín ara wọn, olórí kánsù àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ ni ìná owó wà lọ́wọ́ wọn. Méyọ̀ ń darí ìpàdé, ó ń ṣojú ìlú níbi gbogbo, kì í sì í ṣe ti ẹgbẹ́ òṣèlú nínú iṣẹ́ rẹ̀. Bí ìbò bá dọ́gba nínú ìpàdé, tirẹ̀ ló ń já a.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tó yí i ká nínú gbọ̀ngàn náà lọ́jọ́ yẹn. Gbogbo àwọn tó ń pinnu iye owó-orí yín, ilé ìkàwé tí wọ́n máa tì, ilé kánsù tí wọ́n máa wó àti èyí tí wọ́n máa kọ́ sípò rẹ̀, abẹ́ òrùlé kan náà ni wọ́n wà, wọ́n múra, inú wọn dùn, ojú wọn sì ń wo ìjókòó ará ìlú. Wọ́n ń kà. Olóṣèlú kankan kì í wọ gbọ̀ngàn kó má ka orí. Àkókò ìpàdé ọdọọdún náà sì ni wọ́n ń pín ara wọn sí àwọn ìgbìmọ̀: ta ló máa wà nínú ìgbìmọ̀ ìkọ́lé, ta ló máa wà nínú ti ìwé àṣẹ. Ibẹ̀ máa ń súni, kò sí ṣéènì wúrà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ àlejò á ti máa wo aago. Ẹ̀yin, ẹ má lọ. Ibẹ̀ lẹran wà.

Ṣé ẹ fẹ́ mọ bó ṣe kàn yín? Ní 2013, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Roehampton ka àwọn ìjọ tí aláwọ̀ dúdú pọ̀ jù nínú wọn ní Southwark. 240 ni wọ́n rí, ní àgbègbè ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo. Àwa ọmọ Nàìjíríà sì pọ̀ nínú wọn, nítorí nínú ìkànìyàn ọdún 2011, kò sí orílẹ̀-èdè òkèèrè tí wọ́n ti bí olùgbé Southwark tó pọ̀ tó Nàìjíríà. Ilé tí wọ́n kọ́ fún iṣẹ́ ọwọ́ tàbí ìkẹ́rùsí ni púpọ̀ nínú àwọn ìjọ náà ti ń sìn, wàhálà ìwé àṣẹ láti yí ìlò ilé padà kò sì jẹ́ kí àwọn alàgbà sùn. Ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ló ń dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ìjọ 240! Bí ìjọ kọ̀ọ̀kan bá rán èèyàn méjì péré wá, àyè kò ní gbà wá nínú gbọ̀ngàn. A ń gbààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ilé ìsìn, a ń ṣe àìsùn lórí rẹ̀, mo sì ṣe àmín. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa fọwọ́ sí ìwé náà ń gbé ní ẹ̀yìn òpópónà wa, a kò tíì bá a sọ̀rọ̀ rí.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé orí kan ò tó nǹkan. Lọ́jọ́ kẹwàá oṣù Kọkànlá ọdún 1913, ní Battersea, ní ìhà gúúsù odò kan náà tí a wà yìí, wọ́n dìbò láti yan Méyọ̀. John Archer ni ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n dárúkọ, ọmọ tí wọ́n bí ní Liverpool, tí bàbá rẹ̀ wá láti Barbados, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ireland, tó ń fi fọ́tò yíyà jẹun. Ìbò 40 ló ní, ẹnì kejì ní 39. Ìbò kan ṣoṣo ló sọ ọ́ di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ Méyọ̀ ní London. Ní Southwark níbí, Sam King, ọmọ Jamaica tó bá ọkọ̀ ojú omi Empire Windrush dé ní 1948, tó sì ṣiṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó fi ṣéènì náà sọ́rùn, ní 1983. Nígbà tó di 2010, ó kan Tayo Situ, ọmọ Nàìjíríà. Ní Lambeth tó bá wa pààlà, Adedamola Aminu jẹ ẹ́ ní 2014.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn mí gan-an nìyí. Bó bá jẹ́ tiwa ni wọ́n ń fi jẹ, ẹ ó rí wa. Gèlè á dí ojú àwọn tó wà lẹ́yìn, oríkì á máa dún, fídíò á ti dé Ìbàdàn kí ìpàdé tó parí. Bó bá di ọdún kejì, tó kan ọmọ Bangladesh, tàbí ọmọ Somalia, tàbí ọmọ òyìnbó tí wọ́n bí sí Bermondsey, kò sí ẹnì kan nínú wa níbẹ̀. Ẹni tó ń wá nígbà tí ó bá kan ọmọ rẹ̀ nìkan, àlejò ni wọ́n ń kà á sí, ì báà ti lo ogójì ọdún nílùú. Méyọ̀ tó bá jẹ, Méyọ̀ tiwa ni, àwa la ni ìlú. Nítorí náà ọdún tí kò kan wa ni mo fẹ́ kí ẹ wá jù.

Ẹni tó bá sì sọ pé àṣà òyìnbó ni, kó rántí Èkó. Èkó ní Méyọ̀ rí. Dókítà Abubakar Ibiyinka Olorun-Nimbe ni, oníṣègùn tó kàwé ní Glasgow, ó gorí oyè ní 1950. Òun ni Méyọ̀ àkọ́kọ́, òun náà sì ni ìkẹyìn: ní 1953, lẹ́yìn tí ìwádìí tí Bernard Storey ṣe tú àṣírí bí wọ́n ṣe ń ṣe ìṣàkóso ìlú, wọ́n fagi lé oyè náà. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé oyè tí ará ìlú kò bá jókòó ṣọ́, àwọn tó wà nínú ilé á fi ṣe tara wọn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ bí a ó ṣe lọ. Aṣọ wa kò tako òfin kankan. Agbádá, ìró àti bùbá, fìlà, ẹ wọ̀ ọ́ kó dùn yín nínú, ṣùgbọ́n ẹ̀yin onígèlè gíga, ẹ fojú àánú wo àwọn tó wà lẹ́yìn yín. Ẹ má náwó lé Méyọ̀ lórí o! Ẹ̀bùn tó bá ju iye kan lọ, káńsẹ́lọ̀ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé kánsù kí gbogbo èèyàn lè kà á. Ẹ má fi ìfẹ́ kó bá ẹni ẹlẹ́ni. Bí ẹ bá fẹ́ gbé gángan wá, ẹ béèrè ṣáájú. Ẹ ya fídíò yín wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ má sọ̀rọ̀ sínú fóònù nígbà tí ìpàdé bá ń lọ, nítorí òfin tó fàyè gba fídíò kò fàyè gba ariwo. Bí wọ́n bá ní kí ilé dìde, ẹ dìde. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀. Bó bá wá látọkàn, kò sẹ́ni tó máa lé yín jáde.

Bí ìpàdé bá parí, tí tíì àti bísíkítì bá jáde, ẹ má tò sẹ́yìn Méyọ̀ nìkan nítorí fọ́tò. Ẹ wá àwọn káńsẹ́lọ̀ tó ń ṣojú wọ́ọ̀dù yín. Ẹ sọ orúkọ yín, ẹ sọ òpópónà yín, kí ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan tó ń dùn yín. Ọ̀kan ṣoṣo o. Ẹni tó ka ẹjọ́ mẹ́wàá síni létí lọ́jọ́ ìwúyè, ọ̀kan kì í tẹ̀lé e délé. Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹ ké sí Méyọ̀ wá síbi ọdún yín. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa lọ síbi tí ará ìlú bá pè é. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọ̀rọ̀ tó wúwo, ẹ béèrè bí ẹ ṣe lè kó àwọn èèyàn yín wá síwájú ìpàdé kánsù láti sọ ọ́, nítorí àyè wà fún un.

Ọ̀rọ̀ ìbò náà ń bẹ níbẹ̀. Àwọn káńsẹ́lọ̀ ló ń yan Méyọ̀, àwa la sì ń yan káńsẹ́lọ̀, lẹ́ẹ̀kan ní ọdún mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ẹni tó ti gba páálí ilẹ̀ Britain nìkan ló lè dìbò. Irọ́ ni. Nàìjíríà wà nínú Commonwealth. Ọmọ Nàìjíríà tó ti pé ọdún méjìdínlógún, tó ń gbé níbí lọ́nà òfin, lè forúkọ sílẹ̀ kó sì dìbò. Akẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀, olùtọ́jú àgbàlagbà tó dé lọ́dún tó kọjá wà níbẹ̀. Láti 2023, wọ́n ń béèrè ìdánimọ̀ tó ní fọ́tò ní ibùdó ìdìbò, páálí aláwọ̀ ewé ti Nàìjíríà sì wà lára ohun tí wọ́n ń gbà. Ẹ̀yin ará wa láti Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ tí ẹ ń lo páálí Benin, òfin ìbò yìí kò kàn yín ní tiyín, àmọ́ ìjókòó ará ìlú kì í béèrè páálí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ kéde ọjọ́ náà lórí pẹpẹ. Ẹ̀yin ímáàmù, ẹ fi sínú ọ̀rọ̀ Jímọ̀. Ẹ̀yin ìyá wa tó ń tajà ní Rye Lane, ẹ pín ara yín, kí àwọn kan dúró ti ìsọ̀ kí àwọn tó kù wá. Ẹ̀yin olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ Yorùbá ọjọ́ Sátidé, ẹ kó àwọn ọmọ wá, kí wọ́n wá wo ilé tí àwọn náà lè jókòó nínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Bó bá jẹ́ èèyàn mẹ́wàá ló lè wá lákọ̀ọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí mẹ́wàá wá. Ẹ kọ̀wé sí kánsù lọ́sẹ̀ yìí, ẹ béèrè ọjọ́ àti wákàtí, ẹ sọ fún aládùúgbò yín kan, kí ẹ sì jọ wá.